Ìràwọ̀ Kẹta Kò Ṣeé Fọwọ́ Bò

Kémta, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, ọdún 2025

Péjú, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé oúnjẹ gidi lò ń jẹ, àbí búrẹ́dì lo ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Èmi wà. Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́, ooru sì ti gba ipò rẹ̀ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé o tún fẹ́ béèrè ìdí tí mo fi ń fi bírò kọ̀wé, tí mo tún ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, nígbà tí mo lè pè ọ́ ní ìpè kan ṣoṣo. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, mi ò lè máa pariwo rẹ̀ ní "hẹ́lò, hẹ́lò, ṣé ò ń gbọ́ mi" kí gbogbo agboolé wá mọ ohun tí mò ń sè nínú ìkòkò. Mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Ọmọ tèmi kò ní máa fi àwòrán àtàǹpàkò dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Olúbọ̀dé, àbúrò bàbá rẹ, wá síbí lánàá. Àwọn afọ́kùúta kan fẹ́ ra ilẹ̀ bàbá rẹ tó wà ní Abà Fájánà, lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá. Wọ́n ní òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Bàbá rẹ ti lọ, ọmọ rẹ̀ ló sì ni ohun tó fi sílẹ̀, nítorí náà lọ́yà ti kọ ìwé kan: pé ìwọ Adépéjú nìkan ni ọmọ tí olóògbé Ọlátúndé Fájánà bí sáyé, àti pé o fara mọ́ ọn kí wọ́n tà á. Olúbọ̀dé yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Fọwọ́ sí i, kí o dá a padà. Kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kejì. Ìyá Ìjọ bi mí léèrè níbi ìpàdé àwọn obìnrin pé kí ni ọmọ mi ń kọ́ ní Cape Town. Mo ní ìràwọ̀. Ó ní ṣé o ti dara pọ̀ mọ́ àwọn aríran ni? Mo ní rárá o, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ó ní kí ni wọ́n wá ń kọ́ lára ìràwọ̀? Ẹnu mi wọhò. Èmi olùkọ́! Jọ̀ọ́, kọ ọ́ wá ní Yorùbá tó mọ́, tí mo lè gbé dé ìpàdé láìkọsẹ̀.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hephzibah Fájánà

*

Cape Town
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, ọdún 2025

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ìdánìkanwà. Búrẹ́dì kọ́ ni mò ń jẹ. Mo ra gàrí lọ́wọ́ ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gàrí náà kan débi pé eyín ń dùn mí.

Ẹ sọ fún Ìyá Ìjọ pé ìràwọ̀ kan wà tí kò dúró lójú kan. Ó ń tàn dáadáa, á ṣàdédé ṣú fún wákàtí díẹ̀, á sì tún là. Kì í ṣe pé ó ń kú. Ìràwọ̀ méjì ni, tí wọ́n ń yí ara wọn po, ṣùgbọ́n wọ́n jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tí ojú wa fi rí wọn bí ọ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá kọjá níwájú èkejì, á bo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àwa á sì rí i pé ìràwọ̀ ti ṣú. Ó ní àsìkò tó yẹ kí ó máa ṣú, débi pé èèyàn lè fi tún aago ṣe.

Ṣùgbọ́n tèmi kì í pa àsìkò mọ́. Fún ọdún mélòó kan, ó ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó ṣú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ó tún ti padà, ó ń pẹ́. Màmá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní ìràwọ̀ kẹta wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí. Òun ló ń fa àwọn méjì wọ̀nyí síwá sẹ́yìn. Bí ó bá fà wọ́n jìnnà sí wa, ìrìn ìmọ́lẹ̀ wọn á gùn sí i, ìmọ́lẹ̀ náà á pẹ́ kó tó dé ojú wa. Bí ó bá fà wọ́n súnmọ́ wa, á yá. A kò rí i, ṣùgbọ́n a ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi kò gbà. Ó ní aago tí àwọn èèyàn àtijọ́ fi ń wò ó ni kò pé. Ó ní kí n kọ ìràwọ̀ méjì sínú ìwé mi, kí n gba oyè ọ̀mọ̀wé mi, kí n máa lọ ní àlàáfíà. Mo ní mi ò kọ ọ́. Láti ìgbà náà, tí mo bá kí i ní "ẹ káàárọ̀", ńṣe ló máa ń kí ògiri tó wà lẹ́yìn mi.

Ní ti ìwé Bọ̀dá Olúbọ̀dé, mo ti rí i. Ẹ má bínú, mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ ìsìnkú Dádì. Nígbà tí mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí ibojì tán, tí gbogbo èèyàn ti ń gba ìdí oúnjẹ lọ, mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù dúdú jáde láti ẹ̀yìn igi máńgòrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó dà á sórí pósí Dádì, ó sì fi ọwọ́ nu ojú. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ òkú ló ń bu iyẹ̀pẹ̀, àlejò kì í bù ú. Ẹ̀yin náà rí i, Màmá, nítorí ńṣe lẹ di apá mi mú, ẹ ní kí n máa bọ̀.

Ta ni ọmọ yẹn?

Ọmọ yín,
Péjú

*

Kémta, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì, ọdún 2025

Péjú,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mi ò ní béèrè àlàáfíà rẹ, nítorí ẹni tó lè máa wádìí ìyá rẹ̀ wò láti òkèèrè, ara rẹ̀ le.

Iṣẹ́ kan ni mo rán ọ, ìbéèrè lo fi dá mi lóhùn. Ṣé nítorí kí o lè máa ka ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ níbi ìsìnkú lo ṣe kàwé dé òkè òkun? Ibi òkú ni. Ẹni tó bá fẹ́ bu iyẹ̀pẹ̀ á bù ú. Wèrè tó ń kọjá lọ pàápàá lè bù ú, ta ni yóò dá a dúró?

Bàbá Ìjọ ni bàbá rẹ. Òrùka ló fi gbé mi níyàwó, níwájú pẹpẹ, gbogbo Kémta ló rí wa. Ìwọ nìkan ni mo bí. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìràwọ̀ rẹ yẹn pàápàá, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tó wà lójú sánmà, èyí tó ń ṣókùnkùn lo rí mú? Àwa níbí, àdúrà kí ìràwọ̀ ọmọ ẹni má wọ̀ọ̀kùn là ń gbà, ìwọ wá fi oyè rẹ so mọ́ èyí tó ń wọ̀ọ̀kùn lójú gbogbo ayé. Wá òmíràn tó jókòó jẹ́ẹ́. Bí o kò bá sì lè fi í sílẹ̀, ọ̀gá rẹ ní méjì ni, kọ méjì. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun òkè, kò lè rí i.

Olúbọ̀dé ń dúró de ìwé. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, ó sì ń jẹ ẹran mi ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Fọwọ́ sí i.

H. Fájánà (Ìyáàfin)

*

Cape Town
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta, ọdún 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìbínú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo yíká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí.

Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà. Mo béèrè ọmọ tí Dádì bí, ẹ dá mi lóhùn pé èmi nìkan lẹ bí. Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi mí, kí n má dáhùn èyí tó wù mí. Ẹ ti fìyà jẹ mí rí nítorí rẹ̀, ní kíláàsì yín, lójú àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Dádì máa ń lọ sí oko ní Abà Fájánà. Èmi ni mo máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé láti máa wo ọ̀nà, nítorí àgbàdo sísun tó máa ń rà bọ̀. Nígbà òjò, tí koríko ń hù, tí iṣẹ́ oko pọ̀ bí nǹkan míì, ó máa ń tètè dé. Oòrùn kì í tíì wọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, tí wọ́n ti kórè tán, tí ilẹ̀ le bí ògiri, ìgbà náà ló wá máa ń pẹ́. Màá jókòó títí ẹ óò fi pè mí wọlé. Oko wo ni èèyàn ń ro nínú ọyẹ́, Màmá?

Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò ronú sí i. Inú yàrá mi níbí ni mo wà lọ́jọ́ kan, tí mò ń wo bí ìràwọ̀ mi ṣe ń pẹ́ tó sì ń yá, ni mo bá rántí àtẹ̀gùn ilé wa. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo sunkún. Nǹkan kan ń fa Dádì ní ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Kì í ṣe iṣu.

Mi ò bínú sí Dádì. Tàbí kí n sọ òótọ́: mò ń bínú sí i, ṣùgbọ́n ó ti kú, ìbínú náà kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọmọ kan bá wà lórí ilẹ̀ yẹn, tí mo wá fọwọ́ sí ìwé pé kò sí, èmi ni mo pa á. Ọ̀gá mi ní kí n kọ méjì níbi tí mẹ́ta wà. Bọ̀dá ní kí n kọ ọ̀kan níbi tí méjì wà. Irú iṣẹ́ kan náà ni. Mi ò ṣe é fún ẹni tó lè gba oyè lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní ṣe é fún Bọ̀dá.

Ẹ bú mi bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.

Péjú

*

Cape Town
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta, ọdún 2025

Màmá,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Mo rí àmì búlúù méjì lórí fóònù, mo mọ̀ pé ẹ ti ka lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́. Mo pè, ẹ kò gbé e. Mo pe aládùúgbò wa, ó ní ara yín le, ó ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ewúrẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ni.

Bọ̀dá Olúbọ̀dé ló ń pè mí. Ó ní òyìnbó ti ba orí mi jẹ́. Mo ní àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi níbí dúdú jù ú lọ. Ó já fóònù.

Mi ò yí ohùn padà o. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ yín ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó ń dùn mí.

Péjú

*

Kémta, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Péjú,

O kú ọdún Àjíǹde. Mo jẹ́ kí ọdún kọjá kí n tó kọ̀wé, nítorí mi ò fẹ́ fi ẹnu tí mo fi gba oúnjẹ Olúwa sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo mọ̀. Ṣé o ti gbọ́? Mo mọ̀, ó ti pẹ́.

Ọdún tí o wọ ilé ìwé gíráámà, mo wọ mọ́tò Ọ̀dẹ̀dá láìsọ fún bàbá rẹ, mo fi ẹsẹ̀ rìn wọ Abà Fájánà. Mo bá a lórí àpótí níwájú ilé, ó gbé ọmọ kékeré kan lé itan, ó ń gé èékánná fún un. Èékánná! Bàbá rẹ tí kò gé èékánná tìrẹ rí, tí kò mọ ibi tí mò ń fi abẹ sí. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo yí padà kí wọ́n tó rí mi. Mo sunkún láti ibẹ̀ dé Kémta, awakọ̀ sì ń wò mí nínú díńgí. Nígbà tí mo délé, mo se ìrẹsì, mo fi ẹran sí i.

Má kọ̀wé wá sọ fún mi pé mi ò ṣe dáadáa. Mo dákẹ́ nítorí pé mo fẹ́ dákẹ́. Ìdákẹ́ mi ló gbé ilé yìí dúró tí o fi jókòó kàwé. Bí mo bá pariwo lọ́jọ́ náà, bóyá inú ìjà lò bá ti dàgbà. Bí ó bá tún di òní, màá tún dákẹ́. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ ọmọ náà ni Ummulkulthum. Ìyá rẹ̀ ni Àlímátù. Ilé tí bàbá rẹ kọ́ fún wọn lórí ilẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Ìyá ń gbin ẹ̀gẹ́, ọmọ ń ránṣọ. Ohun tí yóò bí ọ nínú jù nìyí: Olúbọ̀dé mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Òun ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹbí ọkọ lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì bàbá rẹ àti obìnrin yẹn. Ó jẹ ẹran níbẹ̀, bó ṣe ń jẹ tèmi. Òun náà ló wá ń fi lọ́yà kọ ọ́ pé ìwọ nìkan ni.

O ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe nítorí Olúbọ̀dé. Nítorí tèmi ni. Mo ti fẹ́ di arúgbó. Báwo ni màá ṣe gbé orí sókè níwájú Ìyá Ìjọ àti gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá gbọ́ pé Bàbá Ìjọ ní ilé méjì? Wọ́n ń pè mí ní ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò wo ìta rí. Ohun tí mo ní ku ìyẹn. Má gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìyá rẹ,
Hephzibah

*

Cape Town
Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Màmá mi,

Ẹ ṣeun. Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró, n kò lè jókòó. Ẹ kú ìrójú ọdún gbogbo wọ̀nyẹn. Bí mo bá wà nítòsí, ńṣe ni màá di yín mú, bí ẹ tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé ẹ kò fẹ́.

Mi ò ní sọ pé ẹ kò ṣe dáadáa. Ilé yín ni, ìdákẹ́ yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbé ẹrù yín fúnra yín, ẹ má wá gbé e lé Ummulkulthum lórí. Mo ti dá Bọ̀dá àti lọ́yà lóhùn. Mo kọ ọ́ pé Ọlátúndé Fájánà bí ọmọ méjì, mo kọ orúkọ àwa méjèèjì, mo sì kọ ọ́ pé a kò tà. Tí ẹ bá fẹ́ kọ̀ mí lọ́mọ nítorí rẹ̀, màá sunkún, ṣùgbọ́n mi ò ní pa á rẹ́.

Ìràwọ̀ náà ńkọ́? Mo kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá mi ìgbà tí yóò ṣú, kí ó tó ṣú. Òun sọ àsìkò tirẹ̀, mo ní rárá, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A bẹ àwọn kan ní ilẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ní awò tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run àti aago tiwọn, kí wọ́n bá wa wò ó. Màmá, ó pẹ́! Ó pẹ́ bí mo ṣe wí gan-an. Ọ̀gá mi ní ká tún wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa wò ó títí, mẹ́ta ni mo kọ, mẹ́ta náà ni màá dúró tì.

Bọ̀dá pè mí nígbà tó gba lẹ́tà mi. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní òun ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn afọ́kùúta. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, katakata máa wọ Abà Fájánà, kí èmi àti ọmọ àlè wá rojọ́ nígbà tí kò bá sí ilé mọ́ níbẹ̀. Mo wá nọ́ńbà lọ́yà kan, mo pè é, ó ní ilé ẹjọ́ kò yá tó bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ mi kò tó ibẹ̀, Màmá. Mo lè bá gbogbo ayé jiyàn láti ibí, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró síwájú katakata. Mi ò bẹ̀ yín kí ẹ fẹ́ràn wọn. Ẹ kàn ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n má bàa wà nínú ilé nígbà tí yóò dé.

Ọmọ yín ni mí, bí ẹ kọ̀ bí ẹ gbà,
Péjú

*

Abà Fájánà, Ọ̀dẹ̀dá
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé o wà dáadáa? Má wo àdírẹ́sì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, òótọ́ ni. Orí àpótí ìránṣọ ni mo ti ń kọ ọ́, ìdí nìyí tí ọwọ́ mi kò fi dúró.

Nígbà tí mo ka "ọmọ àlè" nínú lẹ́tà rẹ, mo gbé fóònù sílẹ̀. Èmi tí wọ́n fi òrùka gbé, mi ò pe ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀ rí, àní nínú ọkàn mi. Ẹni tó jókòó níbi yìgì, tó jẹ ẹran, tó gbàdúrà pé kí wọ́n bí ọmọ, òun ló ń pè é ní ọmọ àlè! Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo mú àga tí mo fi ń jókòó lẹ́yìn ilé, mo mú agbòòrùn, mo mú Bíbélì mi àti ìpara ẹsẹ̀, mo wọ mọ́tò.

Obìnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Ojú wa pàdé. Ó gbé omi fún mi, mi ò mu ún. Ooru mú, mo mu ún. Ní alẹ́, ó se ọbẹ̀. Mo sọ fún un pé ata rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ní bàbá Ummu fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní abájọ tó fi máa ń délé mu omi bíi màlúù. Ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ o, Péjú. Kí o má lọ rò pé a ti di ọ̀rẹ́. Ó ń hanrun, ó sì ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ náà ló níwà. Iwájú orí bàbá rẹ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó pè mí ní "Mọ́mì", mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó tún pè, mo dáhùn.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n dé. Katakata ló ṣíwájú, ó ń wó igi kòkó lulẹ̀ bọ̀, mọ́tò Olúbọ̀dé tẹ̀ lé e pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ ní títì pa. Gbogbo ará abà jáde. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìjọ tó ní oko lódì kejì odò wà láàárín wọn. Mo rí i, ó rí mi. Mo gbé àga mi sí àárín ojúde, mo jókòó. Mo wẹ̀yìn, mo rí Àlímátù tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ní, "Jáde. Gbé àpótí wá, kí o jókòó." Ó jáde, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó dúró lẹ́yìn mi.

Awakọ̀ katakata pa ẹ́ńjìnì, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ẹni kan ni, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. "Mọ́mì, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń gbé ibí."

Mo ní, "Ìwọ kò ríran ni?"

Olúbọ̀dé wá jáde nínú mọ́tò, ó ń làágùn. "Ìyàwó wa, ẹ má dójú ti ẹbí yìí. Ìyàwó Bàbá Ìjọ! Kí lẹ jókòó ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú obìnrin yìí, lójú gbogbo ayé?" Awakọ̀ náà wo ibí, ó wo ọ̀hún, ọ̀rọ̀ kò yé e. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ta ni màmá yìí jẹ́ sí yín?"

Péjú, ìbàdí ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo dìde. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìjọ gbọ́ ọ dáadáa, kí ó lè rò ó láìṣì í sọ. Mo ní, "Orogún mi ni. Èmi ni ìyálé, òun ni ìyàwó. Ọkọ wa ló ni ilẹ̀ yìí. Ọmọ méjì ló bí: ọ̀kan wà ní Cape Town, ọ̀kan nìyí lẹ́yìn mi. Olúbọ̀dé yìí ló jókòó níbi yìgì wọn, bí ó bá ní irọ́ ni, kó búra. Gun orí katakata rẹ. Tàn án, tó bá tó ọ."

Olúbọ̀dé padà sínú mọ́tò rẹ̀.

Awakọ̀ náà gun orí katakata rẹ̀ lóòótọ́, ó sì tàn án. Àlímátù di ọwọ́ mi mú, mo jẹ́ kó dì í mú. Ńṣe ni katakata náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó di dandan kí mọ́tò Olúbọ̀dé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn rìn, gbogbo ará abà sì ń darí rẹ̀, "Ẹ gé e sọ́tùn-ún! Ẹ gé e sósì!" títí wọ́n fi dé títì.

Mo mọ̀ pé ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò ti gbọ́. Kí wọ́n gbọ́. Àyà mi ń já, mi ò purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mo ti ra aṣọ tí màá wọ̀ lọ, ọmọ náà ló ń rán an.

Olúbọ̀dé ní òun ń padà bọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Kémta kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hephzibah Fájánà, ìyálé